Bí ẹ ṣe lè rí 120Hz àti HDR lẹ́ẹ̀kan náà nínú gíláàsì aláwòrán

Gíláàsì tí à ń wọ̀ sójú láti fi wo àwòrán láti inú laptop ni mò ń sọ. Wọ́n kọ 120Hz (àwòrán 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sí páálí rẹ̀, wọ́n kọ HDR (ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ tó túbọ̀ jinlẹ̀) sí i. Ẹ gbé e dé yàrá yín ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ki wáyà rẹ̀ bọ laptop, 120Hz jáde. Ẹ ní kí ẹ tan HDR báyìí, ojú rẹ̀ ṣú dùdù, tàbí kó já wálẹ̀ sí 60Hz. Ẹ má tíì dá a padà fún ẹni tó tà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà tí àwòrán ń gbà ló há.

Ẹrù, ìyẹn iye bíìtì tí àwòrán ní láti gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Fún 1080p (àwòrán 1920 × 1080 pixel, ìyẹn àmì tíntín tó para pọ̀ di àwòrán) ní 120Hz, tí a bá ka àlàfo tí ẹ̀rọ máa ń fi sí etí àwòrán mọ́ ọn, pixel tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 2200 × 1125 × 120, ìyẹn mílíọ̀nù 297. Àwòrán tí kò ní HDR sábà máa ń lo bíìtì 24 fún pixel kan. Ó di gígábíìtì 7.13. HDR10, irú HDR tó wọ́pọ̀, ń lo 30. Ó di 8.91. HDR ní 60Hz kò ju 4.46 lọ.

HDMI 1.4 kò lè gbé ju 8.16 lọ. Ihò Type-C tó ń gbé DisplayPort 1.2 (ìlànà míì tí àwòrán ń bá jáde nínú laptop) ní ọ̀nà mẹ́rin, àpapọ̀ wọn sì ń gbé 17.28. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé họ́ọ̀bù (ẹ̀rọ tó ń sọ ihò kan di púpọ̀) tó ní ihò fláàṣì USB 3 sáàárín, ó sábà máa ń gba ọ̀nà méjì, á wá ku 8.64. Níbo ni 8.91 fẹ́ gbà wọ inú 8.64? Bíi títì àtijọ́ Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni: tírélà á kọjá, ọkọ̀ kékeré á kọjá, àmọ́ kí wọ́n jọ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó di gósíló. (Ṣájà kò jẹ̀bi níbẹ̀ o, iná ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀.)

Nítorí náà, ẹ yọ họ́ọ̀bù, kí ẹ ki gíláàsì bọ laptop tààrà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà bóyá ẹ máa rí àmì DP kékeré. Wáyà inú páálí ni kí ẹ lò. Tí ó bá ti sọnù, tí ẹ wá lọ ra òmíràn ní Takie, wọ́n lè sọ fún yín pé, “Ẹ̀gbọ́n, Type-C ni Type-C, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀.” Irọ́ ni. Púpọ̀ nínú wáyà ṣájà fóònù jẹ́ USB 2.0, mégábíìtì 480 péré, kò sì ní okùn tí àwòrán máa gbà. Ẹ gbé gíláàsì dání, kí ẹ dán an wò ní sọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó: ó lè mú iná kó má gbé àwòrán.

Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Advanced display. Ẹ mú gíláàsì, ẹ fi sí 120Hz, ẹ padà sẹ́yìn láti tan “Use HDR”, kí ẹ wá tún wo Bit depth (iye bíìtì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọ̀ mẹ́ta inú pixel). 10-bit là ń wá. Tí ó bá kọ “8-bit with dithering”, Windows ti dín ẹrù kù láìsọ fún yín nìyẹn.

Tí kò bá gbà síbẹ̀, ẹ yí àwọ̀ sí YCbCr 4:2:2 (ọ̀nà tó ń dín ìsọfúnni àwọ̀ kù) nínú NVIDIA Control Panel tàbí ti AMD. Lórí DisplayPort, bíìtì 20 ló ń lò, ẹrù á di 5.94, á sì gba ọ̀nà méjì kọjá. Fíìmù kò ní dà bí ẹni pé nǹkan ṣẹlẹ̀, àmọ́ lẹ́tà pupa lórí dúdú á máa rí bàìbàì, nítorí náà ẹ má fi ka ìwé. Èmi ò tiẹ̀ rí ìdí tí èèyàn fi ń jà fún 120Hz nídìí fíìmù tí wọ́n fi àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá yà. HDR ní 60Hz tó. Tó bá jẹ́ géèmù, mo máa ń pa HDR.

Ní ti 3D, 3840×1080 ni, àwòrán kan fún ojú kọ̀ọ̀kan, ẹrù á di ìlọ́po méjì. Ní 60Hz, ó wúwo tó 1080p ní 120Hz gan-an. Ẹ fi síbẹ̀.