Bí mo ṣe múra ìwé tí a fi rọ ilé aṣòfin kan láti wọ Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé

Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ wa gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn láti sọ lẹ́nu: kí n múra àkójọ ìwé tí a ó gbé síwájú àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè kan, kí wọ́n lè fòǹtẹ̀ lu Àdéhùn Róòmù, èyí tó dá Ilé Ẹjọ́ Ọ̀daràn Àgbáyé sílẹ̀ ní ìlú Hague ní Netherlands, láti máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó bá hu ìwà ọ̀daràn ńlá bíi pípa ẹ̀yà run àti ìwà ọ̀daràn ogun. Ìjọba wọn ti fọwọ́ sí àdéhùn náà kí àkókò ìfọwọ́sí tó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2000. Láti ìgbà yẹn, wọn ò ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Mi ò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè náà, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀ kó sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mo gbà lè wúlò fún ẹlòmíràn. Nígbà tí Ukraine wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, orílẹ̀-èdè 125 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù síta ò kéré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àdéhùn náà há sí nínú ìjọba wọn ni mo kọ́kọ́ wá. Àkọsílẹ̀ àwọn àdéhùn tó wà lọ́wọ́ Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Wàá rí ọjọ́ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, ọjọ́ tó fòǹtẹ̀ lù ú, àti àlàyé tó bá fi kún un. Orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i láìfòǹtẹ̀ lù ú ti ṣèlérí pé òun ò ní ṣe ohun tó máa ba ète àdéhùn náà jẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ọmọ ẹgbẹ́. Lẹ́yìn èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọn lórí fóònù, tí mo sì ń kọ lẹ́tà sí wọn. Iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ní ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ni fáìlì náà wà. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ní àwọn ti dá a padà. Agbẹjọ́rò kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti bá ọ̀ràn náà ṣiṣẹ́ nígbà kan, ló sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi: ìwé ìmọ̀ràn kan wà nínú fáìlì tó sọ pé àdéhùn náà ta ko òfin ìpilẹ̀ wọn, kò sì sí mínísítà tó fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni iṣẹ́ náà tó yé mi. Mo ti ka ọ̀pọ̀ lẹ́tà tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ń kọ sí ìjọba lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ wọn kún fún òkú àti ẹkún, wọ́n sì máa ń parí sí ìbáwí. Mo mọ ìbínú tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́, torí ó wà lọ́kàn èmi náà. Ṣùgbọ́n aṣòfin tó jókòó sídìí fáìlì yẹn kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé pípa ẹ̀yà kan run burú. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé agbẹjọ́rò ìjọba ní kò ṣeé ṣe. Bí a ò bá dá agbẹjọ́rò yẹn lóhùn, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí yóò wọlé. Torí náà, ojú ìwé kan péré ni mo yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí ogun ṣe ní jàǹbá, mo sì fi gbogbo èyí tó kù dáhùn ìwé ìmọ̀ràn náà.

Nǹkan mẹ́ta ni ìwé ìmọ̀ràn ọ̀hún tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́ ni abala 27 nínú Àdéhùn Róòmù, tó sọ pé ipò ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: ààrẹ, mínísítà, aṣòfin, gbogbo wọn ló lè jẹ́jọ́. Òfin ìpilẹ̀ tiwọn sì ní a kò gbọdọ̀ pe ààrẹ lẹ́jọ́ nígbà tó bá wà lórí àlééfà. Èkejì ni pé òfin wọn kò fàyè gba kí a fa ọmọ orílẹ̀-èdè náà lé ilẹ̀ òkèèrè lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, wọn ò ní ẹ̀wọ̀n gbére nínú òfin wọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abala 77 gba ilé ẹjọ́ náà láyè láti dá a fún ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá burú kọjá ààlà. Ìyà ikú kò sí nínú rẹ̀ rárá, mo sì kọ èyí sókè, torí mo rí i pé àwọn kan nínú wọn rò pé ó wà.

Ọ̀rọ̀ fífa ọmọ ìlú lélẹ̀ ló rọrùn jù láti dáhùn. Abala 102 ya fífa ènìyàn lé ilé ẹjọ́ yìí lọ́wọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára fífà á lé orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ tí orílẹ̀-èdè kan bá àwọn yòókù dá sílẹ̀, tó ń dìbò yan adájọ́ sí, tó sì ń dá owó sí, kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè fún un. Ní ti ẹ̀wọ̀n gbére, abala 110 sọ pé dandan ni kí ilé ẹjọ́ tún ìdájọ́ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún 25, bóyá kí wọ́n dín in kù.

Abala 27 ni mo lo àkókò lé lórí jù, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù gidi wà. Mo pinnu pé mi ò ní sọ pé kò sí ìṣòro. Ìṣòro wà, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì ti bá irú rẹ̀ pàdé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1999, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ Faransé sọ pé ìjọba kò lè fòǹtẹ̀ lu àdéhùn náà láìjẹ́ pé wọ́n tún òfin ìpilẹ̀ ṣe. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi gbólóhùn kan kún un, pé orílẹ̀-èdè náà lè gba àṣẹ ilé ẹjọ́ yìí. Nígbà tó di ọdún 2000, wọ́n fòǹtẹ̀ lù ú. Ní Armenia, ilé ẹjọ́ òfin ìpilẹ̀ wọn sọ ní 2004 pé àdéhùn náà ta ko òfin wọn. Wọ́n yí òfin ìpilẹ̀ padà ní 2015, ilé ẹjọ́ kan náà tún un yẹ̀ wò ní 2023, ó ní kò sí àtakò mọ́, àwọn aṣòfin sì dìbò gbà á ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Ukraine pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé ẹjọ́ wọn kọ̀ ọ́ ní 2001, wọ́n tún òfin ìpilẹ̀ ṣe ní 2016, ọdún 2024 ni wọ́n tó fòǹtẹ̀ lù ú. Mo kọ ìtàn orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, pẹ̀lú ọjọ́ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí aṣòfin tó bá ń kà á lè rí i pé ọ̀nà tí ẹlòmíràn ti rìn já ni.

Ọ̀rọ̀ òmìnira orílẹ̀-èdè náà kò ṣeé fò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí ìjọba bá ti wọlé, Hague ni yóò máa gbọ́ gbogbo ẹjọ́ ogun wọn. Abala 17 ni mo fi dáhùn: bí orílẹ̀-èdè bá ń wádìí ọ̀ràn náà tọkàntọkàn, tàbí tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ náà kò gbọdọ̀ dá sí i. Ìgbà tí ilé bá kọ̀, tàbí tí apá rẹ̀ kò bá ká a, ni ti Hague tó kàn. Mo wá sọ fún wọn pé ohun tó yẹ kó jẹ wọ́n lógún ni òfin abẹ́lé tí yóò jẹ́ kí adájọ́ tiwọn lè dá ẹjọ́ irú ọ̀ràn yìí, mo sì so àbá òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ àkójọ náà.

Ohun kan wà nínú àdéhùn náà tó máa ń fi àwọn olóṣèlú lọ́kàn balẹ̀, tó sì máa ń dun àwọn tí ogun ti ṣe lọ́ṣẹ́. Ilé ẹjọ́ náà kò lè gbọ́ ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2002. Fún orílẹ̀-èdè tó bá wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, ọjọ́ tó wọlé ni kíkà bẹ̀rẹ̀, àyàfi bí ìjọba fúnra rẹ̀ bá kọ̀wé lábẹ́ abala 12 pé kí ó bẹ̀rẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí mo bá àwọn ìdílé tí wọ́n pa ènìyàn wọn ní orílẹ̀-èdè náà sọ̀rọ̀, mo sọ èyí fún wọn lójúkojú. Ó dùn wọ́n. Bàbá kan ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kò tàn wá." Ó ní kí n tẹ̀ síwájú, nítorí àwọn ọmọ ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ wọn ni mo kọ sí ojú ìwé tí mo yà sọ́tọ̀ yẹn, láìfi orúkọ ẹnikẹ́ni hàn. Mo fi kún un pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè sọ tẹnu rẹ̀ nípasẹ̀ agbẹjọ́rò nínú ìgbẹ́jọ́ ní Hague, àti pé ilé ẹjọ́ náà lè pàṣẹ kí a san ohun ìtùnú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́ Thomas Lubanga, tí wọ́n dá lẹ́bi ní 2012 torí ó kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 wọ ogun ní Kóńgò. Wọ́n tún ṣe é lẹ́yìn ẹjọ́ Ahmad al-Mahdi, ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun lọ́wọ́ sí wíwó àwọn ibojì mímọ́ ní Timbuktu, ní ilẹ̀ Mali.

Àwọn ológun ni mo rò pé yóò ṣe agídí jù, torí náà mo bẹ̀bẹ̀ láti bá àwọn agbẹjọ́rò wọn jókòó kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin. Ìpàdé yẹn ló ṣèrànwọ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Mo gbé abala 8, tó to àwọn ìwà ọ̀daràn ogun lẹ́sẹẹsẹ, sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé àwọn Àdéhùn Geneva ti 1949, tó jẹ́ òfin ogun jíjà, sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kò gba àwọn àdéhùn Geneva wọ̀nyẹn, sójà tiwọn náà sì ń kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ ológun. Púpọ̀ nínú ohun tó wà ní abala 8, ibẹ̀ ló ti wá. Ọ̀gá kan béèrè abala 28, èyí tó dá ọ̀gágun lẹ́bi fún ohun tí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá ṣe. Mo kà á fún un: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ọ̀gá náà mọ̀, tàbí pé ó yẹ kó mọ̀, tí kò sì ṣe ohun tó wà ní ìkápá rẹ̀ láti dá a dúró tàbí láti fi ẹjọ́ sùn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ohun tí à ń kọ́ àwọn ọmọ wa náà nìyí."

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin pè wá, ìbéèrè tó le jù kò sí nínú ìwé ìmọ̀ràn yẹn. Alága ìgbìmọ̀ náà, màmá àgbàlagbà kan tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún, wò mí, ó ní, "Ọmọ mi, Amẹ́ríkà ò sí níbẹ̀, Rọ́ṣíà ò sí níbẹ̀, Ṣáínà ò sí níbẹ̀. Kí ló dé tó fi yẹ kí àwa wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Mà." Mi ò gbèjà ohun tí kò ní àwíjàre. Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ọ̀rọ̀ Darfur ní ilẹ̀ Sudan lọ sí ilé ẹjọ́ náà ní 2005, ó gbé ti Libya lọ ní 2011, bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè mẹ́ta nínú márùn-ún tó ní àga títí láé níbẹ̀ kò gbà kí ilé ẹjọ́ kan náà gbọ́ ẹjọ́ tiwọn. Ìrẹ́jẹ ni, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo wá rán wọn létí Róòmù, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1998: orílẹ̀-èdè 120 dìbò gbà á, 7 kọ̀ ọ́, 21 kò dá sí i. Sẹ̀nẹ̀gà ló kọ́kọ́ fòǹtẹ̀ lù ú, ní oṣù Kejì ọdún 1999. Àwọn tí kò ní ọmọ ogun tó lè dẹ́rù ba ayé ló fẹ́ ilé ẹjọ́ yìí jù, torí òfin nìkan ni wọ́n ní. Mo ní, "Mà, tí ẹnikẹ́ni bá wọ ilẹ̀ yín láti pa àwọn ènìyàn yín, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kó jẹ́, abala 12 ti mú un, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ti wọlé." Wọ́n kọ èyí sílẹ̀.

Wọ́n tún béèrè nípa àwọn tó ti jáde. Burundi jáde ní 2017, Philippines ní 2019, Hungary sì fi ìwé ìjáde sílẹ̀ ní 2025. Mo ní ìjáde kì í nu ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀ nù: ní oṣù Kẹta ọdún 2025 ni wọ́n gbé Rodrigo Duterte, ààrẹ Philippines tẹ́lẹ̀, lọ sí Hague lórí ẹ̀sùn ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kò gba àkókò. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń bu owó fún orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń lò.

Ìgbìmọ̀ náà gbà láti gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́ òfin ìpilẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí n fi ìwé kan kún àkójọ náà, tí yóò sọ bí nǹkan yóò ṣe lọ bí wọ́n bá gbà. Mo kọ ọ́ báyìí: ìwé ìfòǹtẹ̀lù yóò dé ọwọ́ Akọ̀wé Àgbà ní New York, a ó ka ọgọ́ta ọjọ́, ọjọ́ kìíní oṣù tó bá tẹ̀lé e ni wọn yóò di ọmọ ẹgbẹ́. Ukraine fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ló wọlé. Aṣòfin kan ti béèrè bóyá wọ́n lè lo abala 124, tó gba orílẹ̀-èdè tuntun láyè láti yọ ìwà ọ̀daràn ogun sílẹ̀ fún ọdún méje. Faransé àti Kòlóḿbíà lò ó, Faransé sì fúnra rẹ̀ fa tirẹ̀ yọ ní 2008. Ní 2015, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kí a yọ abala náà kúrò, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí Ukraine lò ó ní 2024. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láìfi nǹkan kan pamọ́, mo wá fi gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ pé ẹgbẹ́ wa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lò ó, torí àwọn ìdílé tó bá wa sọ̀rọ̀ kò ní ọdún méje mìíràn láti fi dúró.