Bí Mo Ṣe Wá Fáírọ́ọ̀sì Nínú Ikun Imú Ìyá Àgbàlagbà Kan ní Òṣogbo

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ikọ́ àti ọ̀fìnkìn sí ti eruku. Dókítà ìyá àgbàlagbà kan láti Òkè-Fìà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí èmi tí mo ń ṣe àyẹ̀wò ní láàbù wò ó bóyá influenza, kòrónà tàbí RSV, fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí ń ba ọ̀nà èémí jà, ló wà nídìí ibà tí ó ń bá wọn jà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí a bá ń gba ikun imú. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, yóò ni yín lára, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́.” Wọ́n dáhùn pé, “Máa ṣe é lọ, ọmọ mi.” Ọ̀pá oníke tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo lò, nítorí pé ọ̀pá onígi àti òwú lásán lè ṣèdíwọ́ fún àyẹ̀wò. Mo tì í wọlé lọ gbọọrọ, kì í ṣe sókè síhà ojú, títí ó fi kan ẹ̀yìn imú lọ́hùn-ún, mo dá a dúró díẹ̀, mo rọra yí i, mo sì fà á jáde. Màmá di apá àga mú gírígírí, omi sì dà lójú wọn. Àánú wọn ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹni tí àánú bá mú kí ó dúró sí ẹnu ihò imú kò ní kó ohun tí ó tó.

Mo ṣẹ́ ọ̀pá náà sínú ìgò omi ìpamọ́, mo kọ orúkọ àti àkókò sí i, mo gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Bí òtútù bá wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè wà níbẹ̀ di wákàtí 72.

Mo kọ́kọ́ fi ti ihò imú kejì ṣe àyẹ̀wò kíákíá, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Kò rí nǹkan kan. Èyí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ pọ̀ kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tó rí i.

Mo wá bọ́ sórí PCR, àyẹ̀wò tí ń sọ àbùdá fáírọ́ọ̀sì di púpọ̀ kí a lè rí i. Inú àpótí ààbò ni mo ti tú fáírọ́ọ̀sì palẹ̀, mo sì yọ RNA rẹ̀, ìyẹn àbùdá rẹ̀. Énsáìmù, èròjà tí ń mú ìyípadà yá, sọ RNA náà di DNA, irú àbùdá tí a lè sọ di púpọ̀, ẹ̀rọ sì ń mú un gbóná dé nǹkan bí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń mú un tutù dé nǹkan bí 60, ní ìgbà 40. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, DNA tí a ń wá a máa di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ti pọ̀ tó, ìgò a tàn, ẹ̀rọ a sì ya ìmọ́lẹ̀ náà bí ìlà tí ń gòkè.

Kí n tó wo èsì Màmá, mo wo àwọn ìgò ìfidánwò: omi lásán kò gbọdọ̀ tàn, èyí tí a mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí mo kà sí jù ni RNase P, àbùdá ènìyàn fúnra rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá yọjú, ó lè jẹ́ pé ọ̀pá kò kó nǹkan kan láti imú, èsì “kò sí fáírọ́ọ̀sì” kò sì já mọ́ nǹkan kan. Àfi kí a tún un gbà.

Ti Màmá yọjú dáadáa. Ìlà influenza A, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà influenza, gòkè ní ìyípo 31. Kòrónà àti RSV kò yọ. Mo pe dókítà kí n tó tẹ èsì jáde, nítorí pé oseltamivir, oògùn influenza, máa ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 48, àná sì ni ibà náà bẹ̀rẹ̀.