Bátìrì kejì ọkọ̀ mi ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́: ṣé pánẹ́ẹ̀lì ló kéré ni?

Iṣẹ́ iná oòrùn ni mò ń ṣe ní Kétu níbí. Ọmọkùnrin ará Ṣábẹ kan ló ni ìbéèrè yìí. Ó ní Peugeot J5 àtijọ́ kan tó ti yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, òun ló fi ń gbé àwọn àlejò tó wá gun òkè Ṣábẹ. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń sùn. Mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́ síta, torí irú ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn oníbàárà mi.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Pánẹ́ẹ̀lì 100 wáàtì méjì ló wà lórí ọkọ̀ mi, pẹ̀lú kọntirólà kan (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì wọ bátìrì), irú tí wọ́n ń pè ní PWM, àti bátìrì kejì tó jẹ́ 100 Ah (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà). Fíríìjì kékeré onífóòtì (volt) 12 ni mo ń lò, iná LED mẹ́ta, àti fóònù àwọn àlejò. Lálẹ́ kò sí wàhálà. Tó bá di aago mẹ́rin ìdájí, fíríìjì á dákẹ́. Ẹni tó ta ẹrù fún mi ní kí n fi pánẹ́ẹ̀lì méjì kún un. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye tí ò ń jẹ. Wáàtì 45 ni irú fíríìjì yẹn máa ń fà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nínú ooru tiwa yìí ó sì lè ṣiṣẹ́ tó wákàtí 12 nínú 24. Ìyẹn jẹ́ 540 Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí). Fi iná àti fóònù kún un, ká pè é ní 600 Wh. Pín in sí 12, ó tó 50 Ah lára bátìrì onífóòtì 12.

Ó yá, kí ló ń wọlé? Wáàtì 200, oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin, 800 Wh nìyẹn lórí ìwé. Ooru, eruku àti PWM fúnra rẹ̀ á jẹ bí ìdá mẹ́rin nínú rẹ̀, á ku 600. Ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde ṣe rẹ́gí. Òru nìkan kò sì lè jẹ ju 30 Ah lọ. Bátìrì 100 Ah tó yó ní ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ kú láago mẹ́rin. Nítorí náà, yálà bátìrì náà kì í yó, tàbí ó ti gbó.

Wá mítà tó ń wọn fóòtì. Lọ́sàn-án gangan, wọn ẹnu kọntirólà níbi tí wáyà bátìrì ti jáde, kí o sì wọn orí bátìrì fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nírọ̀lẹ́, yọ ohun gbogbo kúrò lára bátìrì, jẹ́ kó sinmi fún ìdajì wákàtí, kí o tún wọ̀n ọ́n. Fóòtì 12.7, ó yó. 12.2, ó ti dé ìdajì.

Ìbéèrè: Mo ti wọ̀n ọ́n. Lọ́sàn-án, kọntirólà 14.3, orí bátìrì 13.6. Nírọ̀lẹ́, 12.3. Ẹ̀gbọ́n, níbo ni ìyókù wọlé sí?

Ìdáhùn: Sínú wáyà. O sọ fún mi lórí fóònù pé iwájú awakọ̀ lo gbé kọntirólà sí kí o lè máa rí iná rẹ̀, bátìrì sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn. Mítà márùn-ún ni àlọ, márùn-ún ni àbọ̀, wáyà rẹ sì jẹ́ 2.5 mm². Mítà 10 wáyà bàbà bẹ́ẹ̀ ní ìdènà tó tó 0.07 ohm. Tí áńpíà 10 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, fóòtì 0.7 ló ń sọnù, ohun tí mítà rẹ sì sọ gan-an nìyẹn.

Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni pé ẹnu ara rẹ̀ ni kọntirólà ń wò. Ó rí 14.3, ó rò pé bátìrì ti fẹ́ yó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ sẹ́yìn, nígbà tí ebi ṣì ń pa bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin kò ní wo èyí sàn. Bí áńpíà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni àdánù inú wáyà ń pọ̀ sí i.

Gbé kọntirólà lọ sẹ́yìn, kí ó má ju mítà kan lọ sí bátìrì. Ra wáyà 6 mm² fún ibẹ̀ àti fún èyí tó ń bọ̀ láti orí ọkọ̀. Fi ọ̀bẹ ha wáyà wò kí o tó sanwó: àwọn kan wà tó jẹ́ alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà kùn lójú. Fíúsì 20 áńpíà, kí ó wà nítòsí orí pọ́sítíìfù bátìrì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọntirólà.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe é. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́ mọ́jú báyìí! Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú, kò tó. Wọ́n ní kí n lọ ra MPPT, irú kọntirólà mìíràn.

Ìdáhùn: Ó wù mí kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà ń tà á. Ṣùgbọ́n gbọ́. PWM kò mọ̀ ju kó so pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ bátìrì, kó sì máa já a. Pánẹ́ẹ̀lì rẹ ń fẹ́ ṣiṣẹ́ ní fóòtì 18, bátìrì fà á wálẹ̀ sí 13, ìyàtọ̀ yẹn ṣòfò. MPPT ló ń sọ fóòtì tó ṣẹ́ kù di áńpíà. Ó dára. Ṣùgbọ́n fóòtì 18 yẹn, ìwọ̀n ooru 25 ni wọ́n fi kọ ọ́ sára pánẹ́ẹ̀lì. Lórí irin ọkọ̀ rẹ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè gbóná dé 65, fóòtì rẹ̀ á sì já sí nǹkan bí 15. Èrè MPPT náà á kéré sí i. Fún pánẹ́ẹ̀lì kékeré méjì, PWM tó dára tó.

Ibi tí MPPT ti di dandan ni pánẹ́ẹ̀lì ilé. Èmi náà ti kó sí i rí. Ẹnì kan ta pánẹ́ẹ̀lì onífóòtì 30 fún mi ní ẹ̀dínwó, mo fi PWM so ó mọ́ bátìrì 12, inú mi ń dùn. Ó ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ tó ń ṣòfò lójoojúmọ́, oṣù mélòó kan sì kọjá kí n tó fi mítà wò ó.

Fún ọjọ́ òjò, ẹ́ńjìnì ni kí o lò. J5 rẹ ti pẹ́, alternator rẹ̀ (èyí tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná) kò lọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, rílè (swíìsì oníná) kan tó ń so bátìrì ẹ́ńjìnì mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ ti tó, pẹ̀lú wáyà 16 mm² àti fíúsì ní orí méjèèjì. Ọkọ̀ tuntun tó ń fa fóòtì alternator wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣeé fi rílè ṣe; DC-DC, ẹ̀rọ tó ń ṣàtúnṣe fóòtì kó tó dé bátìrì kejì, ni wọ́n ń fi sí i. Ìrìn ọkọ̀ wákàtí kan lówùúrọ̀ á fún bátìrì ní oúnjẹ kíákíá, oòrùn á wá fi sùúrù parí ìdá márùn-ún tó kẹ́yìn, torí ibẹ̀ ni bátìrì olójé bíi tìrẹ ti máa ń lọ́ra.

Ìbéèrè: Àwọn àlejò kò fẹ́ oòrùn, abẹ́ igi kajú ni wọ́n fẹ́ kí n páàkì sí.

Ìdáhùn: Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka igi kan tó bo igun pánẹ́ẹ̀lì lásán lè mú ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tí o bá fẹ́ fi owó kún nǹkan, níbí ni kí o fi sí: pánẹ́ẹ̀lì kan tó ṣeé gbé sílẹ̀, pẹ̀lú mítà 10 wáyà 6 mm², kí ó wà nínú oòrùn kí ọkọ̀ wà ní ibòòji. Wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ o. Àwọn ti orí ọkọ̀, má wulẹ̀ gbé wọn dá gẹ̀rẹ́ púpọ̀, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí wa. Kí wọ́n kàn tẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku ọyẹ́ kúrò, kí afẹ́fẹ́ sì ráyè kọjá lábẹ́ wọn.

Ìbéèrè: Bátìrì yìí ńkọ́? Ṣé kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí lítíọ́mù?

Ìdáhùn: Dán èyí wò ná. Jẹ́ kó yó, yọ gbogbo nǹkan kúrò, kí o wọ̀n ọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Tó bá ti wálẹ̀ sísàlẹ̀ 12.5, iye ìgbà tó ti kú ní ìdájí ti bà á nínú jẹ́. Nígbà náà, lítíọ́mù dára, wàá lè lo 80 nínú 100 Ah rẹ̀ láìbẹ̀rù, níbi tí olójé ti fẹ́ kí o dúró ní 50. Ṣùgbọ́n kọntirólà rẹ gbọ́dọ̀ ní ètò tó wà fún un, rílè yẹn náà á sì di DC-DC, torí lítíọ́mù lè fa alternator títí á fi gbóná jù.

Lọ́jọ́ tí o bá ń so ó, bátìrì ni kí o kọ́kọ́ so mọ́ kọntirólà, kí pánẹ́ẹ̀lì kẹ́yìn. Tí o bá ń tú u, pánẹ́ẹ̀lì ni kí o kọ́kọ́ yọ.