Ooru Kì Í Mú Gbogbo Àdúgbò Bákan Náà: Bí Ọ́fíìsì Ojú-ọjọ́ Ìlú Ṣe Lè Mọ Ibi Tó Yẹ Kó Kọ́kọ́ Dé

Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ń kéde fún ìlú kan, pápákọ̀ òfurufú ni ẹ̀rọ tó ń wọ̀n ọ́n sábà máa ń wà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó ń sùn níbẹ̀. Ní wákàtí kan náà, òpópónà kan lè fi dígírì mẹ́rin tàbí márùn-ún gbóná ju òmíràn lọ nínú ìlú kan ṣoṣo, torí pé igi ṣíji bo ọ̀kan, èkejì sì jẹ́ kìkì ọ̀dà títì àti kọnkéré. Ọ́fíìsì tó bá gbára lé ìwọ̀n pápákọ̀ òfurufú máa náwó síbi tí ooru kò ti pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọwọ́ èèyàn wà nínú bí ooru ṣe pín. Ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1930, wọ́n fi pupa kun àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú àti tálákà lórí máàpù, kí báǹkì má bàa yá wọn lówó ilé. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2020 wo ìlú 108: ní ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ojú ilẹ̀ àdúgbò tí wọ́n kun ní pupa yẹn ló ṣì gbóná jù, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi dígírì 2.6 ní ìpíndọ́gba. Ní Chicago, ní oṣù Keje ọdún 1995, ooru pa èèyàn tó lé ní 700 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ arúgbó tó ń dá gbé. Nítorí náà, iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń wá ẹ̀tọ́ fáwọn èèyàn nínú ọ̀rọ̀ ojú-ọjọ́ ni láti mọ ẹni tí ooru ń mú jù, kó sì jẹ́ kí owó tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ tó ra ẹ̀rọ

Ọ́fíìsì ojú-ọjọ́ kì í ní títì tirẹ̀, kì í sì í ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀ka ọgbà ló ń gbin igi, ẹ̀ka iṣẹ́ òde ló ni títì, ẹ̀ka ìlera ló mọ ẹni tó kú. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ nílò ni ìwé àdéhùn tí olórí ìlú fọwọ́ sí, tó sọ ẹ̀ka tó gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ wá àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kó o wá. Láìsí ìwé yìí, ẹ̀bẹ̀ lẹ ó máa bẹ̀ kiri.

Ẹ tètè béèrè iye èèyàn tó kú lójúmọ́ àti iye ìgbà tí wọ́n pe ọkọ̀ áńbúláǹsì, àdúgbò sí àdúgbò, fún ọdún márùn-ún sẹ́yìn ó kéré tán. Ó máa ń pẹ́ kó tó jáde nítorí òfin tó ń dáàbò bo àṣírí aláìsàn. Ẹ má béèrè orúkọ. Ọjọ́, ọjọ́ orí àti àdúgbò ti tó. Ẹ má sì ka kìkì àwọn tí wọ́n kọ "ooru" sí ìwé ikú wọn. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín ti ń yọ lẹ́nu ni ooru sábà máa ń pa, àrùn yẹn ni dókítà sì máa kọ. Ohun tó ń fi òtítọ́ hàn ni iye òkú tó lé sí ti àtẹ̀yìnwá ní àwọn ọjọ́ tó gbóná.

Wíwọn ooru láti òpópónà dé òpópónà

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n-ooru há fèrèsé ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí awakọ̀ kò sí, kó máa kọ ìwọ̀n ooru, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ àti ibi tí GPS bá ọkọ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan ọjọ́ tó wà lára àwọn tó gbóná jù lọ́dún, tí ojú ọ̀run mọ́, tí atẹ́gùn kò sì le. Ẹ jáde lẹ́ẹ̀mẹta: aago mẹ́fà sí méje àárọ̀, mẹ́ta sí mẹ́rin ọ̀sán, méje sí mẹ́jọ alẹ́.

Tí owó bá fún mọ́ wọn, ti àárọ̀ àti ti alẹ́ làwọn ọ̀gá máa kọ́kọ́ fẹ́ yọ. Ẹ má gbà. Lọ́sàn-án, òòrùn ń ta gbogbo èèyàn. Lóru ni kọnkéré àti ọ̀dà títì máa ń tú ooru tí wọ́n gbà pa mọ́ jáde, òru yẹn gan-an ló sì yẹ kí ara sinmi. Àdúgbò tí ooru kò bá tíì kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ tuntun pẹ̀lú àárẹ̀ àná lára.

Kí awakọ̀ má sáré ju kìlómítà 55 ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, èéfín ọkọ̀ tó wà níwájú ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, nítorí náà ẹ yọ gbogbo ìwọ̀n tí ẹ gbà nígbà tí ọkọ̀ kò rìn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà kọjá létí omi, ọgbà, ilé iṣẹ́ ńlá, ọjà àti ibi tí ilé ti há mọ́ra, kí máàpù má bàa jẹ́ ti ojú títì márosẹ̀ nìkan.

Àwọn ẹ̀rọ tó máa wà lórí òpó fún oṣù mélòó kan, mítà méjì sí mẹ́ta ni kí ẹ gbé wọn ga tó, nínú ìbòrí funfun tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí wọ́n jìnnà sí ògiri àti ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù ń tú ooru sí. Kí ẹ tó pín wọn káàkiri, ẹ so gbogbo wọn pọ̀ síbì kan fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èyí tó bá fi ju ààbọ̀ dígírì yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa ń fò jù, òun náà ló sì máa ń ba máàpù jẹ́ jù.

Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat kò náni lówó, àmọ́ ẹ mọ ohun tó ń wọ̀n: ojú ilẹ̀ àti òrùlé, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Kì í wọn afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí. Òrùlé dúdú lè gbóná tó dígírì 60 nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní 35. Ẹ fi wá òrùlé tó yẹ kí ẹ kùn àti ilẹ̀ tí kò ní igi, ó parí síbẹ̀.

Inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ooru ń pa máa ń kú sí, ibẹ̀ ni kò sì sí nínú ọ̀pọ̀ máàpù. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ kékeré kọ́ sára ògiri yàrá, ní ọ̀gangan orí ẹni tó sùn, níbi tí òòrùn kò lè tàn sí i, kó máa kọ ìwọ̀n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Yàrá tó wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìwọ̀n ooru kì í wálẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú: aago mẹ́wàá alẹ́ lè gbóná ju ọ̀sán lọ, torí ìgbà yẹn ni ooru òrùlé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé tán.

Ta ló kọ́kọ́ kàn?

Ẹ gbé máàpù ooru lé orí àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn. Nǹkan mẹ́fà ti tó: àwọn tó lé ní ọdún 65, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn tó ń dá gbé, ayálégbé tí owó tó ń wọlé fún un kéré, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú òòrùn, àti bí igi ṣe bo àdúgbò tó. Bí ẹ bá kó ogún nǹkan jọ, ọ̀kan á máa pa èkejì rẹ́ títí gbogbo àdúgbò á fi jọra. Ẹ fi wọ́n ṣírò máàkì àdúgbò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe wúwo tó nínú ìṣirò náà yàtọ̀. Àdúgbò tó bá ṣì wà lókè nínú méjèèjì, òun ló kàn, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ gbé máàpù náà padà lọ fáwọn tó ń gbé àdúgbò kí ẹ tó gbé e fún ìgbìmọ̀ ìlú. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ìpàdé jẹ́, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí ẹ san owó àkókò wọn, kí ẹ sì wá ẹni tó máa bá wọn mójú tó ọmọ. Ẹ fún wọn ní bírò, kí wọ́n fàmì sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de ọkọ̀ láìsí ibòji, ilé tí àgbàlagbà ń dá gbé, àti ibi táwọn tí kò nílé ń sùn. Ìkànìyàn kò mọ ìyẹn tó gbẹ̀yìn rárá.

Òrùlé, igi, àti owó ilé

Òrùlé ló yá jù. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé lè dá ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìtànṣán òòrùn padà nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, nígbà tí òrùlé dúdú kì í sábà dá tó ìdá 20 padà. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, ẹ ha ìpẹtà kúrò, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, kí ẹ wá kun ti funfun lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlẹ́ẹ̀kejì dábùú ti àkọ́kọ́. Ọ̀dà ògiri lásán máa bó láìpẹ́. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ dúró. Bí omi bá máa ń dúró lórí òrùlé náà, ẹ tún ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe ná. Eruku máa ń pa funfun náà, nítorí náà ẹ fi owó fífọ̀ ọ́ lọ́dọọdún sínú àdéhùn agbáṣẹ́ṣe.

Ní ti igi, òfin 3-30-300 tí Cecil Konijnendijk, onímọ̀ nípa igi inú ìlú, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021 rọrùn láti rántí: kí èèyàn rí igi mẹ́ta láti inú ilé rẹ̀, kí ewé igi bo ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àdúgbò, kí ọgbà ìtura má jìn ju mítà 300 lọ. Òùngbẹ ló ń pa igi ìlú jù. Owó gbíngbìn máa ń wà, tìlù-tìfọn ni wọ́n fi ń gbìn ín, owó omi ni kì í sí. Igi kékeré kan ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 60 sí 75 lọ́sẹ̀ ní ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Ẹ ṣírò ìyẹn kí ẹ tó dá iye igi, kí ẹ sì gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò síṣẹ́ olówó oṣù láti máa bomi rin ín. Ẹ má bo ìdí igi níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín gbòǹgbò, kí koríko gbígbẹ tí ẹ dà sí i lórí má sì kan ara igi, torí á jẹrà.

Ohun kan wà tó ń dùn wá jù nínú iṣẹ́ yìí. Bí àdúgbò bá ti tutù tó sì lẹ́wà, onílé a fowó kún owó ilé, àwọn tí ẹ torí wọn gbin igi a sì kó jáde. Ẹ lọ bá ẹ̀ka ilé gbígbé kí igi àkọ́kọ́ tó wọlẹ̀. Onílé tó bá gba òrùlé ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi iṣẹ́ náà fowó kún owó ilé fún ọdún tí ẹ bá jọ fẹnu kò sí.

Ìkìlọ̀ ooru

Ahmedabad ní Íńdíà gbé ètò ìkìlọ̀ ooru kalẹ̀ lọ́dún 2013, lẹ́yìn tí ooru oṣù Karùn-ún ọdún 2010 mú kí òkú fi èyí tó lé ní 1,300 pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má ya ìwọ̀n ìkìlọ̀ ìlú mìíràn lò. Ẹ lo àkọsílẹ̀ òkú tí ẹ gbà níbẹ̀rẹ̀: ẹ ya àtẹ kan, ẹ fi òkú ojoojúmọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ̀n ooru sí èkejì, ẹ wo ibi tí ìlà náà ti ṣẹ́rí lọ sókè. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ gbọ́dọ̀ ka ọ̀rinrin mọ́ ọn, torí òógùn kì í gbẹ níbẹ̀, ara kò sì ní rí ohun tó máa tù ú. Ìkìlọ̀ láìsí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kò tó. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó ń dá gbé tó bá fẹ́, kí ẹnì kan sì máa yọjú sí wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Kí owó má bàa yà sọ́nà

Láti ọdún 2017 ni Oslo ní Norway ti ń fi àfojúsùn ojú-ọjọ́ sínú ìṣúná ìlú fúnra rẹ̀, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì ń jíhìn ipa tirẹ̀. Ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i lọ́dún 2018 pé kí àwọn ilé ìtajà ńláńlá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá pa nílùú náà fún irú iṣẹ́ yìí. Òfin ìpínlẹ̀ New York ti ọdún 2019 ní kí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún àǹfààní owó tí wọ́n bá ná sórí agbára tí kì í ba àyíká jẹ́, ó kéré tán, lọ sí àdúgbò tí wọ́n ti rẹ́ jẹ, kí wọ́n sì máa lé ìdá 40. Ẹ kíyè sí "àǹfààní" yẹn bí ẹ bá ń kọ tiyín. Ẹ̀ka kan lè ra bọ́ọ̀sì tó kàn ń gba àdúgbò náà kọjá, kó sì kà á sí àǹfààní. "Owó tí a ná láàárín àdúgbò náà" ni kí ẹ kọ. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ gbé e síta: iṣẹ́ wo, òpópónà wo, èló, ó parí àbí kò parí.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ tún wọn ooru ní ọ̀nà kan náà, oṣù kan náà, wákàtí kan náà. Ẹ wọn àdúgbò méjì tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn pẹ̀lú, torí ọdún kan lè tutù ju òmíràn lọ láìjẹ́ pé iṣẹ́ yín ló fà á. Ìyàtọ̀ láàárín tiwọn àti tàwọn tí ẹ ti ṣe ni ẹ máa kọ sínú ìjábọ̀, bó bá tiẹ̀ kéré.