Owó gbà-má-bínú fún àìsàn ẹnu iṣẹ́: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ́ kó bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́

Ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹlẹ́rìí. Ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀, gbogbo èèyàn ló rí i. Àìsàn ẹnu iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Eruku asbestos, èròjà onífọ́nrán tí wọ́n ti máa ń fi ṣe òrùlé, tí èèyàn fà símú lónìí lè sápamọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún 20, 30, àní 40, kó tó yọjú.

Àṣìṣe tó burú jù lójú tèmi, iwájú dókítà ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo bàbá kan tó ti fi ọdún 15 gé òkúta. Ó ní ikọ́ kò jẹ́ kí òun sùn, pé bí òun bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, àfi kí òun jókòó kí òun tó lè mí. Wọ́n bi í níṣẹ́, ó ní "iṣẹ́ ọwọ́ ni." Ó parí. Wọ́n kọ ikọ́ ife sínú fáìlì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eruku òkúta ló ti dá àpá sí i lẹ́dọ̀fóró. Àwòrán àyà àìsàn méjèèjì a sì máa jọra. Láti 1700 ni Bernardino Ramazzini, oníṣègùn ará Ítálì, ti ní kí dókítà máa bi aláìsàn pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Bí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ ọ́: eruku wo, kẹ́míkà wo, wákàtí mélòó lóòjọ́, ṣé wọ́n fún yín ní ìbomú. Ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má sì fi sìgá pamọ́ bí ẹ bá ń mu ún. Irọ́ yẹn ni agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ gbé jáde.

Àwọn mìíràn rò pé ọgbẹ́ nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Lóòótọ́, nígbà tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ṣe àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1925, mẹ́ta péré ni wọ́n kà: májèlé òjé, májèlé mákúrì àti anthrax, àrùn tí èèyàn ń kó lára ẹran ọ̀sìn. Lónìí, etí tí ariwo ẹ̀rọ di wà nínú ìwé wọn, àìsàn ọpọlọ náà sì ti wọ̀ ọ́ láti 2010.

Ẹ má dúró de ọ̀gá tó ní kẹ́ ẹ ní sùúrù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ọjọ́ tí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á ni òfin ti ń ka gbèdéke àkókò tẹ́ ẹ fi lè béèrè owó náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ fi lè béèrè síbẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ bá ti kógbá wọlé, ẹ wádìí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó ń bójú tó o nígbà náà.

Orúkọ "gbà-má-bínú" yìí pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn, ó ń jẹ́ kó dà bíi pé ọ̀gá ń ṣàánú. Torí ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń fi ìdùnnú buwọ́ lu ìwé pé àwọn ò ní béèrè nǹkan kan mọ́, nítorí owó oṣù díẹ̀.

Ẹ ya fótò àkọlé ara dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà, ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù àti nọ́ńbà àwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tó délé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọ̀gá bá gbọ́ pé ẹjọ́ ń bọ̀ ni wọ́n máa ń ra fáànù tuntun.