Bí Mo Ṣe Gbé Ẹmu Dídùn Délé Kó Tó Kan

Ó ti pẹ́ tí Màámi ti ń sọ ọ́ pé ẹmu tí wọ́n ń tà l'Ékòó kì í ṣe ẹmu. Tí kì í bá ṣe omi àti ṣúgà, á ti kan kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Adẹ́mu ni bàbá tó bí wọn, ní ìgbèríko Ìjẹ̀bú, wọ́n sì máa ń rántí èyí tí wọ́n ń mu nídìí igi láàárọ̀, tó dùn bí oyin, tí kì í ta lọ́fun. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n pé 70 ọdún, mo ní ìyẹn gan-an ni wọ́n máa mu.

Ilé oúnjẹ kan ní Erékùṣù Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọtí sì ni mo ń bójú tó níbẹ̀. Mo mọ wáìnì dídùn tí àwọn òyìnbó máa ń mu lẹ́yìn oúnjẹ. Ní Sauternes, nílẹ̀ Faransé, wọ́n á fi èso àjàrà sílẹ̀ lórí igi títí á fi bu, tí omi inú rẹ̀ á fà, tí adùn rẹ̀ á ki. Adùn yẹn pọ̀ débi pé ìwúkàrà ò ní lè jẹ ẹ́ tán, èyí tó kù ló ń jẹ́ kí wáìnì náà máa dùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹmu ò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ṣúgà inú oje ògùrọ̀ tàbí ọ̀pẹ ò pọ̀ tó ti àjàrà yẹn, ìwúkàrà á sì ti débẹ̀ kí oje tó kún inú kèrègbè. Láàárín wákàtí bíi méjì, ó ti ń di ọtí. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti kan. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní dídùn, àfi kó lọ bá a nídìí igi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi mọ bàbá adẹ́mu kan nínú irà lápá Májídùn, lọ́nà Ìkòròdú. Mo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì. "Igbà á rọ̀ o, Bàbá!" Àkàbà ọparun ni wọ́n fi ń gun ògùrọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe igbà, síbẹ̀ ìkíni yẹn dùn mọ́ wọn. Mo ní mo fẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n mi orí.

"Ìyẹn ti sùn sórí igi. Ṣé o fẹ́ ọtí ni, àbí o fẹ́ adùn?"

Mo ní adùn. Wọ́n ní kí n gbé kẹ́ẹ̀gì tuntun wá, kí n fi omi gbígbóná ṣàn án dáadáa, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ kẹ́ẹ̀gì àná ló ń jẹ́ kí tòní tètè hó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi wọ BRT ní Fádèyí, tèmi ti kúlà tí mo kó yìnyín sí. Ìmọ́lẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là nígbà tí mo dé irà. Bàbá gun igi, wọ́n sọ kẹ́ẹ̀gì òru kalẹ̀, ó ń hó ṣùù. Wọ́n bù ú fún mi nínú ahá kí n tọ́ ọ wò: ó ti mú. Wọ́n wá fi ọ̀bẹ bẹ́ ojú ibi tí oje ti ń jáde, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, torí tí ojú rẹ̀ bá dì, oje ò ní sun mọ́. Oyin méjì ti bà lé e kí wọ́n tó so kẹ́ẹ̀gì mi mọ́ ọn. Tó, tó, tó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, tó bá sì ti so tán, ikú ló kàn. Èyí tó ń kán sínú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni ohun tí igi náà ti ń tọ́jú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá.

A dúró fún wákàtí kan àtààbọ̀ nídìí igi mẹ́ta. Èyí tí a rí kò tó lítà méjì. Ó rí bí omi àgbọn, ó ń rùn bí ìrèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ sínú ìgò mẹ́rin, mo sì tẹ̀ wọ́n sáàárín yìnyín.

Bàbá ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má dé e pa. Mo gbàgbé lórí ọ̀kan. Nígbà tá a dé Kétu, mo rí i pé ìgò oníke náà ti wú. Bí mo ṣe yí ìdérí rẹ̀, ó tú jáde, ìdajì rẹ̀ ṣòfò sórí ṣòkòtò mi. Ó dùn mí gan-an. Òtútù máa ń fa ọwọ́ ìwúkàrà sẹ́yìn ni, kì í pa á.

Aago mẹ́wàá ò tíì lù nígbà tí mo wọlé ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta. Màámi gba ife náà, wọ́n fi imú gbọ́ ọ, wọ́n mu díẹ̀, wọ́n sì fi í sẹ́nu fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì.

"Èyí ò tíì mọ̀ pé ọtí lòun," ni wọ́n wí. Wọ́n na ife náà sí mi pé kí n tún bu sí i.

Nígbà tí àlejò fi máa pé lọ́sàn-án, ìgò tó kù ti ń hó. Àwọn àbúrò Bàámi ló mu ún tán.