Nígbà Tí Òfófó Bá Wọ Aṣọ Àdúrà: Àṣìṣe Ẹnu Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Onígbàgbọ́

Èébú, irọ́ paraku, ìbúra èké: gbogbo wa la mọ̀ pé ìwọ̀nyí ò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Ẹni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bú ìyá ẹlòmíì, àwọn àgbà ìjọ á ti pè é kó tó délé. Ọ̀rọ̀ tó ń tú ìjọ ká jù kì í ṣe irú èyí. Èyí tó wọ aṣọ ìsìn, tó gbé Bíbélì dání, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ibi tó ń lọ, òun ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Kókó àdúrà tó ti di òfófó

"Ẹ jẹ́ ká rántí arábìnrin Lágbájá nínú àdúrà o." Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á ní, "Ẹ̀ẹ́ ti rí?" Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ á mí kanlẹ̀, á ní òun ò fẹ́ kó ti ẹnu òun jáde, á sì sọ gbogbo rẹ̀ tán. Kí wọ́n tó kọ orin ìparí, gbogbo ìpàdé ti mọ̀ pé ọkọ Lágbájá ti kó jáde nílé, wọ́n ti mọ àdúgbò tó kó lọ, wọ́n sì ti ń bára wọn jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Àdúrà tí wọ́n wá gbà fún un, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà tipẹ́. Nínú Númérì orí 12, ìyàwó ará Kúṣì tí Mósè fẹ́ ni Míríámù àti Áárónì ń bá wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa la ẹnu, ohun tí wọ́n sọ ni pé ṣé Mósè nìkan ni Olúwa tipasẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, ṣé kò tipasẹ̀ àwọn náà sọ̀rọ̀? Ọ̀ràn ìyàwó ilé ti di ọ̀ràn ìpè Ọlọ́run. Ẹ̀tẹ̀ bo Míríámù, ó lo ọjọ́ 7 lẹ́yìn ibùdó, Ísírẹ́lì ò sì ṣí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi mú un wọlé padà. Mo mọ ẹgbẹ́ akọrin tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá dúró ju ọjọ́ 7 lọ dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìjọ gbàdúrà fún Lágbájá, ẹ kọ́kọ́ bi Lágbájá bóyá ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ní rárá, ẹ gbà á nínú yàrá yín. Bó bá gbà, orúkọ rẹ̀ nìkan ti tó, nítorí Ọlọ́run ò bèèrè àlàyé lọ́wọ́ wa. Bí òun gan-an ló sì ṣẹ̀ yín, ètò tí Jésù là sílẹ̀ nínú Mátíù 18 ò ṣòro yé: lọ bá a, ìwọ àti òun nìkan; bí kò bá gbọ́, mú ẹnì kan tàbí méjì dání; ìgbà tó bá kọ̀ tán ni kó tó dé etí ìjọ. Àwa máa ń dorí ètò yẹn kodò. Ìjọ la kọ́kọ́ ń sọ fún, ẹni tó ṣẹ̀ wá ló ń gbọ́ kẹ́yìn, ẹnu ẹlòmíì ló sì ti ń gbọ́ ọ.

"Èmi kì í di èèyàn sínú"

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n gbà pé ojúlówó onígbàgbọ́ làwọn nítorí pé àwọn kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́. "Tí mo bá ti sọ tẹnu mi, ó ti tán nínú mi." Ó tán nínú tiẹ̀ lóòótọ́. Nínú ẹni tó gbọ́ ọ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni máa purọ́ o. Ṣùgbọ́n Éfésù 4:15 ò jẹ́ kí òtítọ́ dá rìn, ìfẹ́ ló so ó pọ̀ mọ́. Òtítọ́ sì tún ní àkókò. Ẹ wo Ábígẹ́lì nínú 1 Sámúẹ́lì 25. Ọkọ rẹ̀, Nábálì, ti sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì, Dáfídì sì ti kó nǹkan bí 400 ọkùnrin sọ́nà pẹ̀lú idà. Ábígẹ́lì sáré lọ pàdé wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó sì padà délé. Ó bá ọkọ níbi àsè, ọtí ti yí i lójú. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé là, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo, kò sọ ohunkóhun, kékeré tàbí ńlá. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọtí dá lójú ọkọ, ló tó rò ó fún un. Kò yọ ọ̀kankan kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn dúró di ìgbà tí etí ọkọ le gbà á.

Àdúrà tó ti di èpè

Èyí máa bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àwọn àdúrà òru kan wà tó jẹ́ pé "Kú! Kú!" la fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà la fi ń parí, ìyá ọkọ ẹni la sì ní lọ́kàn, òun tí a jọ máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́jọ́ Àìkú. Nínú Lúùkù 9, Jákọ́bù àti Jòhánù bèèrè bóyá kí àwọn pe iná sọ̀ kalẹ̀ sórí abúlé Samáríà kan tí kò gbà wọ́n. Jésù bá àwọn tó fẹ́ gbàdúrà náà wí, wọ́n sì gba abúlé mìíràn lọ. (Jákọ́bù ọmọ Sébédè nìyẹn o; kì í ṣe òun ni ọ̀pọ̀ gbà pé ó kọ ìwé tó sọ̀rọ̀ ahọ́n.)

Jákọ́bù tó kọ ìwé ní ti tiẹ̀ sọ pé láti ẹnu kan náà ni ìbùkún àti èpè ti ń jáde, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó ti wo ilé wa láàárọ̀. Aago mẹ́fà, a gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí pé orí ni yóò jẹ́, kò ní í jẹ́ ìrù. Aago méje kọjá díẹ̀, ọmọ ò rí ìbọ̀sẹ̀ kan, ó ti di olódo, aláìnírònú, ọmọ tí kò ní í wúlò. Àárọ̀ kan náà ni o.

Ìtùnú tó ń dá ni lẹ́bi

Bí ẹ bá lọ kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ má sọ fún un pé Olúwa ló fi fúnni, Olúwa ló gbà. Jóòbù ló sọ ọ́, nígbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ kú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn le sọ ọ́. Àlejò ò ní ẹ̀tọ́ sí i. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ 7 láìfọhùn, ìyẹn ló sì dára jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe. Wàhálà dé nígbà tí wọ́n lanu.

Bákan náà ni ti àwọn tó ń wá ọmọ. Élì àlùfáà rí Hánà tó ń tọrọ ọmọ nínú àdúrà láìgbé ohùn sókè, tí ètè rẹ̀ nìkan ń mì, ó ní ọtí ló ń pa á. Tí àlùfáà bá le ṣì í tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwa ń fi "ẹ lọ yẹ ara yín wò" kí ìyàwó ọlọ́dún mẹ́wàá? Ṣùgbọ́n ẹ fún Élì lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀: bí Hánà ti ṣàlàyé, kò bá a jiyàn, ó súre fún un lójú ẹsẹ̀.

Ìdákẹ́ tó ń pariwo

Kì í ṣe ẹni tó dákẹ́ ló ṣẹ́gun ahọ́n rẹ̀ o. "Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́," lẹ́yìn náà ó di Sáàmù 35, èyí tó ń bẹ Ọlọ́run kó bá ọ̀tá ẹni jà, lórí WhatsApp láràárọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ ẹni tó ń bá wí. Òkò ọ̀rọ̀ ni, ẹsẹ Bíbélì tó wà lára rẹ̀ ò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá ti ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ibi tó ti sọ ọ́ ni kó ti tún un ṣe. Ẹ má tàbùkù ẹnì kan níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ bẹ̀ ẹ́ nínú kọ̀rọ̀. Ẹ sì má sọ pé "bí mo bá ṣẹ̀ yín," ẹni tẹ́ ẹ sọ fún kúkú mọ̀ pé ẹ ṣẹ òun. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa Lágbájá níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò mọ ìdí rẹ̀, kò sì yẹ kí n sọ ọ́. Lágbájá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Kẹ́ ẹ sọ ìyẹn, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ má fi àlàyé kankan tẹ̀ lé e.